Ìyá tí ó tún rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró
Ohun tí síkáànù lè fi hàn, àti ibi tí agbára rẹ̀ pin sí

Ní àwọn abúlé oko àti ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká, láti Mọ́níyà dé Akànràn, láti Iyànà Ọ̀fà dé Ẹgbẹ́dá, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ìyá àgbà kì í fẹ́ sọ síta. Obìnrin tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró láti ìgbà pípẹ́, a jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a sì rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ rẹ̀. Òmíràn a fọ aṣọ náà ní kọ̀rọ̀, a sì dákẹ́. Òmíràn a rò pé ìgbà èwe òun ni ó tún padà dé. Òmíràn a ní àpò gbágùúdá tí òun rù bọ̀ láti oko ni ó fà á. Àwọn mìíràn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí ó fi ibi ránṣẹ́ sí wọn, títí owó ọwọ́ wọn yóò fi tán.

Kò sí ọ̀kan nínú èrò wọ̀nyí tí ó yẹ kí ó dá ìyá náà dúró sílé. Ohùn àwọn oníṣègùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí: bí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró pátápátá, ẹ̀jẹ̀ èyíkéyìí tí ó bá tún jáde láti ojú ara jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ wádìí, ì báà ṣe ẹ̀kán kan ṣoṣo, ì báà ṣe omi tí ó pọ́n bí omi ìdọ̀tí. Ẹ̀jẹ̀ náà kì í sábà jẹ́ ti àrùn tí ń pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn jẹjẹrẹ ni ó ń kan ilẹ̀kùn, ẹni tí ó bá sì tètè dá a lóhùn ni ó sábà ń rí ìwòsàn. Ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò tí a fi ń ya èyí tí kò léwu sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó léwu ni ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn ń pè ní síkáànù.

ÌGBÀ WO NI NǸKAN OṢÙ TI DÁWỌ́ DÚRÓ?

Nínú ilé-ọmọ obìnrin, awọ fẹ́lẹ́ kan wà tí ó tẹ́ inú rẹ̀ bí ẹní ti ń tẹ́ ilẹ̀ yàrá. Ní ìgbà èwe, ilé-ẹyin obìnrin a máa tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní oṣooṣù, èyí tí ń mú kí awọ náà nípọn láti gba oyún. Bí oyún kò bá wá, ara a ká ẹní náà kúrò, a sì tú u jáde. Èyí ni nǹkan oṣù. Nígbà tí ọjọ́ orí bá dé, ilé-ẹyin a sinmi, èròjà náà a dínkù, awọ inú ilé-ọmọ a sì di tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí kò sí ẹni tí ń tẹ́ ẹní tuntun mọ́.

Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin, láàrin ọdún 45 sí 55 ni èyí ń ṣẹlẹ̀. Kí ó tó dáwọ́ dúró pátápátá, nǹkan oṣù a máa ṣe ségesège: yóò fo oṣù méjì, yóò tún wá. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn fi ń ka oṣù méjìlá gbáko. Obìnrin tí kò bá rí nǹkan oṣù fún ọdún kan lódindi ni a lè sọ pé tirẹ̀ ti tán. Ẹ̀jẹ̀ tí ó bá dé lẹ́yìn ọdún kan náà kì í ṣe nǹkan oṣù mọ́. Orúkọ mìíràn ni ó ń jẹ́, ó sì ní ohun tí ó fà á.

OHUN TÍ Ó LÈ FÀ Á

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé awọ ilé-ọmọ tàbí ti ojú ara ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ó sì ti gbẹ, tóbẹ́ẹ̀ tí ó fi ń ya lásán bí ewé ògèdè ní ìgbà ọyẹ́. Èyí kò léwu, ó sì ní ìtọ́jú. Ohun kejì ni ẹran kékeré tí ó rọ̀, tí ó hù sínú ilé-ọmọ, tí ó sì so rọ̀ bí èso lára ẹ̀ka. Púpọ̀ nínú wọn kò ní jẹjẹrẹ nínú, ṣùgbọ́n a máa ń yọ wọ́n kí a lè yẹ̀ wọ́n wò. Ohun kẹta ni kí awọ inú ilé-ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í nípọn nígbà tí kò yẹ kí ó nípọn mọ́. Èyí a máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ara wọn sanra púpọ̀ ju àwọn mìíràn lọ, nítorí ọ̀rá ara náà a máa pèsè irú èròjà tí ilé-ẹyin ń pèsè ní ìgbà èwe. Bí a bá fi í sílẹ̀, irú ìnípọn kan wà tí ó lè di jẹjẹrẹ.

Òògùn pẹ̀lú lè fà á. Òògùn tamoxifen, tí a fi ń tọ́jú àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ ọmú, lè mú kí awọ ilé-ọmọ nípọn, àwọn òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ wá.

Ohun tí ó kù ni jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀, oríṣi méjì ni ó sì yẹ kí a mẹ́nu kàn. Èkíní ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé-ọmọ. Èkejì ń bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ilé-ọmọ, èyí tí ó jẹ́ pé ní Nàìjíríà, lẹ́yìn jẹjẹrẹ ọmú, òun ni ó tún wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn obìnrin. Àwọn méjèèjì a máa fi ẹ̀jẹ̀ hàn.

Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 129 láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé nínú obìnrin 100 tí ó rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, bíi 9 ni ó ní jẹjẹrẹ inú ilé-ọmọ. Èyí túmọ̀ sí pé bíi 91 kò ní in. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé nínú obìnrin 100 tí ó ní jẹjẹrẹ náà, bíi 90 ni ẹ̀jẹ̀ ti kọ́kọ́ kìlọ̀ fún. Àrùn tí ń kìlọ̀ báyìí kò pọ̀. Ní àwọn ilẹ̀ tí ìtọ́jú ti pé, bí a bá rí jẹjẹrẹ yìí nígbà tí kò tíì jáde kúrò nínú ilé-ọmọ, àwọn tí ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún ju 9 lọ nínú 10. Bí ó bá ti tàn dé ibòmíràn nínú ara, iye náà a dínkù gidigidi. Ohun tí ó wà láàrin ikú àti ìyè fún ọ̀pọ̀ ìyá ni iye oṣù tí wọ́n fi dákẹ́.

BÍ SÍKÁÀNÙ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Àwọn kan ń bẹ̀rù síkáànù nítorí wọ́n rò pé ó jọ ẹ̀rọ ẹ́síréè, tàbí pé ó ń jó ènìyàn nínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn lásán ni ó ń lò. Ẹni tí ó bá dúró ní ẹsẹ̀ òkè àpáta tí ó sì ké, yóò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tí ó padà wá bá a. Gbohùngbohùn ni a ń pè é. Ẹni tí ń ta epo pupa náà a máa fi ìka kan ara àgbá epo láti mọ ibi tí epo dé, láìṣí ìdérí rẹ̀. Àdán pẹ̀lú ń fò ní òru láìkọlu igi, nítorí ó ń ké, ó sì ń gbọ́ bí igbe rẹ̀ ti ń padà. Bákan náà ni síkáànù ń ránṣẹ́ ohùn sínú ara, tí ó sì ń fi ohùn tí ó padà ya àwòrán.

Ohùn náà ga ju èyí tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ohùn tí ó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti síkáànù a máa gbọ̀n ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà. Bí ó bá kan omi, ó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ó bá kan ẹran ara, díẹ̀ ń padà. Bí ó bá kan egungun, púpọ̀ ń padà. Ẹ̀rọ náà ń ka àkókò tí ohùn kọ̀ọ̀kan fi lọ tí ó sì fi bọ̀, ó sì ń sọ ọ́ di àwòrán dúdú àti funfun lójú dígí.

Ní ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland ni ìlò rẹ̀ fún àrùn inú obìnrin ti gbilẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ian Donald, dókítà àwọn obìnrin, pẹ̀lú Dókítà John MacVicar àti Tom Brown tí í ṣe ẹ̀ńjíníà, gbé ìròyìn iṣẹ́ wọn jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1958, oṣù díẹ̀ péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣí Ilé-Ìwòsàn Ńlá ti Yunifásítì, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UCH, ní Ìbàdàn ní oṣù kọkànlá ọdún 1957. Irú ẹ̀rọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń wá ibi tí irin ti sán ni wọ́n mú, tí wọ́n sì tún ṣe fún ara ènìyàn. Obìnrin kan wà nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, tí a ti rò pé jẹjẹrẹ tí kò gbóògùn ni ó ń ṣe é nínú. Ẹ̀rọ náà fi hàn pé àpò omi ńlá kan ni ó wà ní ilé-ẹyin rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, ara obìnrin náà sì yá.

OHUN TÍ YÓÒ ṢẸLẸ̀ NÍ YÀRÁ ÀYẸ̀WÒ

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà ṣe é. Èkíní ni ti orí ikùn. Ìyá yóò mu omi títí àpò ìtọ̀ rẹ̀ yóò fi kún, nítorí àpò ìtọ̀ tí ó kún a máa dà bí fèrèsé tí a gbà ń wo ilé-ọmọ. A ó fi ohun yíyọ̀ kan pa á níkùn, a ó sì máa rọra fa ọwọ́ ẹ̀rọ náà lórí rẹ̀. Kò dùn ún, kò sì jó o.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí àwọn ìyá kì í fẹ́ gbọ́, òun sì ni ó dára jù fún ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí. Ìyá yóò kọ́kọ́ lọ tọ̀. A ó fi rọ́bà tuntun bo ọwọ́ ẹ̀rọ kan tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, a ó sì rọra fi í sí ojú ara. Nítorí pé ó sún mọ́ ilé-ọmọ pẹ́kípẹ́kí, àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti orí ikùn lọ, bí ẹni tí ó wọlé ti ń rí yàrá ju ẹni tí ó yọjú láti ìta lọ. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó lè ni ìyá lára díẹ̀, ní pàtàkì bí ojú ara bá ti gbẹ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dùn ún gidigidi. Bí ó bá dùn ún, kí ó wí, kí wọ́n dúró. Ìyá ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún obìnrin tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí kí obìnrin mìíràn wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ojú tí ó gba ọmọ nígbà ìrọbí kò yẹ kí ó bẹ̀rù àyẹ̀wò.

MÌLÍMÍTÀ MẸ́RIN

Ohun pàtàkì tí ẹni tí ń ṣe síkáànù ń wá ni bí awọ inú ilé-ọmọ ti nípọn tó. Mìlímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Mìlímítà mẹ́rin kò ju igi ìṣáná méjì tí a tò lé ara wọn lọ. Bí awọ náà bá jẹ́ mìlímítà 4 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, tí a sì rí i kedere láti òkè dé ilẹ̀, ó sábà jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ náà kì í ṣe ti jẹjẹrẹ inú ilé-ọmọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe pé jẹjẹrẹ ti wà níbẹ̀. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé a gbọ́dọ̀ mú díẹ̀ nínú awọ náà, kí a sì wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú. Ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni a sábà fi ń fà á, ìyá a sì lè padà sílé ní ọjọ́ kan náà. Àyẹ̀wò ẹran yìí ni ó ń fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Síkáànù ń fi ọ̀nà hàn. Òun kọ́ ni ó ń dájọ́.

Ìwọ̀n yìí kò ti ojú ọ̀run já bọ́. Ní ọdún 1995, àwọn dókítà ní àwọn ilẹ̀ apá àríwá Yúróòpù kọ ìròyìn obìnrin 1,168 tí wọ́n ṣe síkáànù fún lórí ẹ̀jẹ̀ báyìí. Obìnrin 114 nínú wọn ní jẹjẹrẹ inú ilé-ọmọ, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn 114 náà tí awọ ilé-ọmọ rẹ̀ kò tó mìlímítà 5.

IBI TÍ AGBÁRA RẸ̀ PIN SÍ

Ṣùgbọ́n àwọn aláwọ̀ funfun ni ó pọ̀ jù nínú irú àwọn obìnrin tí a fi ṣe ìwọ̀n náà. Ní ọdún 2024, ìwádìí mìíràn jáde ní Amẹ́ríkà, tí ó wo àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú nìkan. Nínú 210 tí ó ní jẹjẹrẹ inú ilé-ọmọ, bíi 11 nínú 100 ni awọ tiwọn kò tó mìlímítà 5. Bí a bá ti gbára lé síkáànù nìkan, à bá ti ní kí wọ́n máa lọ sílé ní àlàáfíà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ìyá ilẹ̀ Yorùbá. Ìju wọ́pọ̀ láàrin àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, ìju a sì máa bo awọ ilé-ọmọ mọ́lẹ̀ tí síkáànù kò fi ní rí i dáadáa. Oríṣi jẹjẹrẹ kan tún wà tí ó le, tí kì í dúró kí awọ nípọn kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ohun méjì ni ó yẹ kí ìyá àti àwọn ọmọ rẹ̀ di mú. Èkíní: bí ìwé síkáànù bá sọ pé a kò rí awọ náà kedere, kí a béèrè fún àyẹ̀wò ẹran. Èkejì: bí síkáànù bá sọ pé kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ tún padà wá, kí ìyá tún padà lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ó wá lẹ́ẹ̀kejì ju ìwé tí a kọ lẹ́ẹ̀kan lọ.

Bákan náà, kí a má ṣe tètè di ẹ̀bi ru ìju. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, ìju a sábà máa sún kì. Ẹni tí a bá sọ fún pé ìju rẹ̀ ni ó ń tú ẹ̀jẹ̀, láìṣe àyẹ̀wò mìíràn, ṣì ní ọ̀rọ̀ láti béèrè.

Síkáànù kò sì tó láti wá jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Ojú ni a fi ń rí i: nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yóò fi ohun èlò kékeré kan ṣí ojú ara, yóò tan iná, yóò sì wo ọrùn ilé-ọmọ náà. Ìyá tí wọ́n ṣe síkáànù fún ní orí ikùn, tí ẹnikẹ́ni kò sì wo ọrùn ilé-ọmọ rẹ̀, kò tíì parí àyẹ̀wò.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Kí ìyá kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ó sún mọ́ ọn, kí ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà bí ó ti rí fún nọ́ọ̀sì, kí wọ́n lè kọ ìwé fún un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ní Ìbàdàn, àwọn dókítà obìnrin wà ní Adéọ̀yọ́ ní Yemẹ́tù àti ní UCH. Ẹni tí ó ti forúkọ sílẹ̀ nínú ètò adójútòfò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí ó mú káàdì rẹ̀ lọ, kí ó sì béèrè ohun tí ètò náà yóò san.

Kí ó mú àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn: ọdún tí ó rí nǹkan oṣù kẹ́yìn, ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, àti bí ó ti pọ̀ tó, bí ó bá ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, àti gbogbo òògùn tí ó ń lò, ti òyìnbó àti ti ìbílẹ̀, láìfi ọ̀kan pamọ́. Kí ó wọ ìró àti bùbá, kí ó lè rọrùn fún un láti múra fún àyẹ̀wò. Bí ó bá gba èsì, kí ó tọ́jú ìwé náà, kí ó sì béèrè nǹkan mẹ́ta: Awọ ilé-ọmọ mi nípọn tó mìlímítà mélòó? Ṣé ẹ rí gbogbo rẹ̀ kedere? Ṣé ẹnikẹ́ni ti wo ọrùn ilé-ọmọ mi? Bí ìyá kò bá mọ̀wé, kí ọmọ rẹ̀ bá a béèrè.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà wìì, tí òòyì sì ń kọ́ ìyá, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ ọmọ àti ọkọ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ojú fò ó. Kí ó pè é sí kọ̀rọ̀, kí ó wí fún un pẹ̀lẹ́ pé, “Ìyá mi, ẹ má bínú, mo rí nǹkan lára aṣọ yín. Ẹ jẹ́ kí á jọ lọ.” Gbólóhùn kan yìí ti tó láti gbé ẹrù ìtìjú kúrò ní orí àgbà. Ọkọ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ ka ẹ̀jẹ̀ náà sí ẹ̀gàn tàbí àmì ìṣekúṣe. Àìsàn ni ó ń fi hàn, kì í ṣe ìwà.

Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Wọ́n tún ní, igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lára aṣọ ìyá àgbà ni igi gánganran náà ní òkèèrè. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìwé yìí ní ilé ìkàwé abúlé, kí ó kà á fún àwọn ìyá ní ọjà àti ní ìdí ẹ̀rọ gaàrí, kí ó lè dé etí ẹni tí ń fọ aṣọ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀.